Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Kí Ẹ Tó Gun Orí Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Ọ̀rá Ara

Àwọn àgbà ló sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo sì ti lò ó láìmọye ìgbà nígbà tí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ṣì ń bọ́ mi. Àmọ́ n kò mọ̀ pé ó kan ilé àyẹ̀wò àwọn oníṣègùn títí di ọjọ́ tí mo san owó gidi fún àyẹ̀wò kan, tí mo gba ìwé èsì rẹ̀ bọ̀ wálé, tí mo sì fi odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án dààmú ara mi àti ìyàwó mi lórí iye kan tí kò tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀.

Dókítà tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ló wò mí lókè wò mí nílẹ̀, tó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò tí yóò fi bí ara mi ṣe pín hàn: iye ọ̀rá, iye iṣan, iye omi. Ó ní ìwọ̀n kílò nìkan kò tó, nítorí pé kílò kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá ikùn àti iṣan itan. Mo fara mọ́ ọn. Mo tẹ ilé àyẹ̀wò kan láago nígboro Ìbàdàn. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n sọ fún mi: iye owó, ibi tí wọ́n wà, àti pé kí n tètè dé nítorí èrò. Wọn kò sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó wá, èmi náà kò sì bèèrè.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo jí ní agogo márùn-ún, mo sáré yí àdúgbò wa po fún bí wákàtí kan, bí ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Nígbà tí mo délé, mo wẹ̀, mo fi òrí pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ nítorí pé ọyẹ́ ń fẹ́. Mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, mo sì mu ike omi ńlá kan tán nínú ọkọ̀ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá kúrò lórí ìlà, ẹlòmíràn yóò gba ipò mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe ga tó, sà?" Mo dáhùn bí àwa ọkùnrin ṣe máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, mo fi íǹṣì méjì kún un. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò dìde láti wọn gíga mi.

Ìṣẹ́jú kan kò pé tí ìwé fi jáde: ọ̀rá, ìdá 31.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi bírò pupa yí i ká. Ó ní, "Ewu ń bẹ o, sà," ó sì nawọ́ sí pẹpẹ kan tí wọ́n to tíì amúnifọn sí. Mo ra páálí méjì. Ẹni tí ẹ̀rù bà kì í dúnàá-dúrà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí wa. Ìyàwó mi gbé ìwé náà fún un. Kò tilẹ̀ wo iye tí wọ́n fi bírò pupa yí ká. Ó bi mí pé, "Àbúrò mi, kí lo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ṣé o tọ̀ kí o tó gùn ún? Ṣé o sáré? Ṣé o para?" Bí mo ti ń dáhùn ló ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi lé orí tábìlì, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni wọ́n wọ̀n. Ẹ̀kọ, omi àti òrí ni wọ́n wọ̀n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Èrò mi ni pé àyẹ̀wò ọ̀rá ara tí a kò múra sílẹ̀ fún kì í ṣe àyẹ̀wò, àti pé ilé ìwòsàn tó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láìsọ bí yóò ṣe múra kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a sanwó fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní BIA. Èèyàn máa ń dúró lé e láìwọ bàtà, a sì máa di ọ̀pá rẹ̀ mú. Òmíràn wà tí wọ́n máa ń lẹ okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀rọ náà ń rí ọ̀rá. Kò rí i rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń rán iná mànàmáná díẹ̀, tí ara kò lè mọ̀ lára, gba inú wa kọjá, ó sì ń wo bí ọ̀nà ṣe ṣòro fún iná náà tó. Omi inú ara, tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ni iná náà ń bá rìn. Iṣan kún fún omi, nítorí náà iná ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Omi inú ọ̀rá kò tó nǹkan, nítorí náà ọ̀rá ń dènà iná. Láti ara ìdènà yìí ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò iye omi. Ó gbà pé nínú gbogbo ohun tí kì í ṣe ọ̀rá lára ènìyàn, nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ omi. Ó wá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n kílò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń pè ní ọ̀rá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ọ̀rá tí wọ́n kọ sínú ìwé wa jẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìṣirò. Bí omi ara bá yí padà, tàbí bí ohun tí kì í ṣe ara wa bá wọ inú ìwọ̀n kílò, ọ̀rá inú ìwé yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ara wa kò sún ibì kan. Ike omi tí mo mu nínú ọkọ̀ ṣì wà nínú ikùn àti nínú àpò ìtọ̀ mi; ẹ̀rọ kà á mọ́ kílò mi, kò sì rí i bí iṣan. Òrí àtẹ́lẹsẹ̀ mi dúró bí ògiri láàárín awọ ara àti irin ẹ̀rọ. Sísá tí mo sá mú kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sí awọ ara, ó sì mú mi làágùn. Íǹṣì méjì tí mo fi purọ́ wọ inú ìṣirò náà lọ tààrà. Àwọn kan nínú ohun wọ̀nyí ń fa iye ọ̀rá lọ sókè, àwọn kan ń fà á wálẹ̀. Ohun tó jáde kò tíì di tèmi.

Ẹ wo kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí lọ́jà. Kóńgò kan náà ni, àmọ́ bí ìyá kan bá tẹ gàrí mọ́lẹ̀, tí èkejì jẹ́ kó rọra dà sínú rẹ̀, tí ẹ̀kẹta sì kó o jọ lórí bí òkè, iye gàrí kò lè dọ́gba. Ìdí nìyí tí oníbàárà tó gbọ́n fi máa ń wo ìdí kóńgò kí ó tó wo orí rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ ni ìdí kóńgò àyẹ̀wò yìí.

Báwo wá ni kí a ṣe múra? Kò le, kò sì gba owó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ mu omi bí ẹ ṣe máa ń mu ún. Ẹ má fi òùngbẹ dá ara yín lóró, ẹ má sì mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ yẹra fún ọtí fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ agbára, eré sísá, bọ́ọ̀lù gbígbá àti gbogbo eré ìdárayá tó ń mú èèyàn làágùn, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjìlá kí àkókò àyẹ̀wò tó tó. Bí ìnáwó bá wà ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an, àárọ̀ ló dára jù. Ẹ má jẹ, ẹ má mu fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Tíì àti kọfí wà lára ohun tí mo ń wí. Ẹ má fi ìpara, òróró tàbí òrí pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ wọ aṣọ fúyẹ́. Ẹ fi òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, aago ọwọ́ àti bẹ́líìtì onírin sílẹ̀ nílé. Bí ó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n pè yín, ẹ lọ tọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé yín lórí ìlà pé ẹ ń bọ̀.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ má dá gíga yín lá. Ẹ ní kí wọ́n wọn yín níbẹ̀, láìwọ bàtà, láìdé fìlà, láìwé gèlè. Ẹ sọ ọjọ́ orí yín gan-an, nítorí pé ẹ̀rọ ń fi ọjọ́ orí ṣírò. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ní erùpẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti inú oòrùn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ balẹ̀. Bí ẹ bá gun orí ẹ̀rọ, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí apá má fara kan ìhà, kí itan má fara kan itan. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ orúkọ irú ẹ̀rọ náà àti aago tí wọ́n fi ṣe é sí ẹ̀yìn ìwé èsì. Ìgbà mìíràn tí ẹ bá padà wá, ẹ̀rọ yẹn kan náà ni kí ẹ gùn, ní àkókò yẹn kan náà, pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ kan náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, èsì méjèèjì kò ṣeé fi wéra.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí láyà láti máa ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gun ẹ̀rọ BIA. Aboyún pàápàá, kí ó dúró dìgbà tí ó bá bímọ. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n omi ara rẹ̀ lè má rí bíi ti ọ̀sẹ̀ mìíràn, nítorí náà ó dára kí ó mú ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tàbí tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, kí ó sọ fún wọn, nítorí pé omi tó dúró sí ẹsẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ rò pé iṣan ni. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí àyẹ̀wò. Kí ó kàn sọ pé òun ń lò ó.

Ẹ̀rọ kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní DEXA. Ìtànṣán X-ray ni òun ń lò. Èèyàn yóò dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, apá ẹ̀rọ yóò sì máa kọjá lórí rẹ̀. Ó lè ya egungun, ọ̀rá àti ẹran ara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtànṣán rẹ̀ kéré gan-an, ó tilẹ̀ kéré sí ti àwòrán àyà, síbẹ̀ aboyún kì í ṣe é. Ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀ náà wà: ẹ má lo oògùn calcium ní ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti ṣe àwòrán inú kan láìpẹ́ tí wọ́n ti fún yín ní oògùn mu tàbí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún yín kí àwòrán lè hàn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ohunkóhun tó jẹ́ irin, títí kan síìpù, bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, kí ó kúrò lára.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò máa rò ó lọ́kàn pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òun lè dọ́gbọ́n sí i kí iye náà lè kéré. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni a ń tàn jẹ? Ìdánwò wíwọlé sí fásitì kọ́ ni èyí, kò sí ẹni tí yóò fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi màgòmágó gba iye tó dára ti fi owó ara rẹ̀ ra irọ́, inú ara rẹ̀ náà ni irọ́ yẹn yóò máa gbé. Ìmúrasílẹ̀ wà kí òtítọ́ lè rí ọ̀nà gbà jáde.

Èmi padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí. Orí ẹ̀rọ kan náà ni mo gùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn mo ní kí ó dìde wọn gíga mi. Ìdá 28.7 ló gbé jáde. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò fọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, páálí tíì méjèèjì sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí mo ṣe rà wọ́n. 28.7 náà kò dára fún ọkùnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmọ́ iye tí mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni. Dókítà mi wò ó, ó ní kí n dín iyọ̀ àti òróró kù, kí n máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò sí tíì nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ti obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìròyìn nígbà kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní oṣù kìíní ọdún kan, ó ṣe àyẹ̀wò yìí ní àárọ̀ kùtùkùtù, inú rẹ̀ ṣófo. Fún oṣù mẹ́ta, ó ń rìn lójoojúmọ́, ó dín oúnjẹ alẹ́ kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń ru sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá padà lọ ṣe àyẹ̀wò kejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni, lẹ́yìn ìnáwó òkú àgbà tó gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì, ní ilé àyẹ̀wò mìíràn, lórí ẹ̀rọ mìíràn. Iye ọ̀rá fi ìdá mẹ́ta ga ju ti ìṣáájú. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ní, "Gbogbo làálàá yẹn, lásán ni." Ó gbé bàtà ìrìn rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tún ru sókè, wọ́n sì ti fi oògùn kejì kún oògùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ kò ṣe é ní ibi. Ìrìn tó ń rìn ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ tó dín kù ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni iye méjì tí kò ṣeé fi wéra, tí ẹnìkan tó mọ̀ pé wọn kò ṣeé fi wéra gbé lé e lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá rántí rẹ̀, inú mi kì í dùn sí àwọn tó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Bí a bá tilẹ̀ múra dé góńgó, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára iye náà mọ. Ọ̀pọ̀ ìlànà ìṣirò tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ara àwọn ènìyàn ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Òṣùwọ̀n BMI tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò, tó ń fi kílò wé gíga, ọwọ́ Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló ti wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, kì í ṣe oníṣègùn; ọdún 1972 ni Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó fún òṣùwọ̀n náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rá ní tààrà. Àmọ́ wọn kò gbàgbé àwa náà pátápátá. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wáyé ní àwọn ọdún 1990 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín aláwọ̀ dúdú, Ìgbò-Ọrà wa níbí sì jẹ́ ọ̀kan lára ibùdó rẹ̀. Nínú iṣẹ́ náà, wọ́n fi irú iná kékeré yìí wọn ọ̀rá ara àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, Jàmáíkà àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ara wa, ara wa ni kí ó wọ̀n.

Fún ẹni tí kò ní owó ẹ̀rọ, téèpù télọ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé bí ìbàdí ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin kọjá 80, ewu àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá kọjá 102 fún ọkùnrin àti 88 fún obìnrin, ewu náà ti ga púpọ̀. Òun náà ní ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀: àárọ̀ ni, kí inú ṣófo, kí téèpù wà láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìdí, kí èèyàn mí jáde, kí ó má sì fa ikùn wọlé bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ikùn fífà wọlé nítorí pé mo mọ̀ wá. Láyé àtijọ́, bí a bá pàdé ẹni tí a ti rí tipẹ́, a óò ní, "Ẹ mà ti sanra o," inú rẹ̀ yóò sì dùn, nítorí pé sísanra jẹ́ àmì àlàáfíà àti oúnjẹ àjẹyó. Lónìí, ọ̀rọ̀ kan náà ti di èébú lórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn tó ń ta oògùn amúnifọn sì ti sọ ìtìjú náà di ọjà. Láàárín ìyìn àtijọ́ àti èébú òde òní ni iye inú ìwé yìí ti ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n jù ú sí wa bí ẹni ju òkò.

Mo ti bá àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní èrò pọ̀, òṣìṣẹ́ kò tó, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sì í tẹ̀ lé ìmọ̀ràn. Mo gbà pé èrò pọ̀. N kò gbà pé a kì í tẹ̀ lé ìmọ̀ràn. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa wò, wọ́n máa ń sọ pé kí a má jẹun wá, a sì ń fi ebi jókòó títí wọn yóò fi fa ẹ̀jẹ̀ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ilé ọmọ, wọ́n a ní kí obìnrin mu omi kí ó má tọ̀, yóò sì máa rìn ká ọgbà ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìrora títí wọn yóò fi pè é. A ń gbọ́ràn. Kí wọ́n ṣáà ti sọ̀rọ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala kẹtàlélógún, sọ pé olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó ń tọ́jú nípa ipò ìlera rẹ̀, àwọn àyẹ̀wò tó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn àti iye owó wọn. Ó tún sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí àlàyé náà jẹ́ ní èdè tó yé ẹni náà, kí wọ́n sì wo bí ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà rẹ̀ ṣe tó. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ sí àlàyé sì wà nínú rẹ̀. Èdè tó yé ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági àti bàbá tó ń gbin kòkó ní Oǹdó kò ṣòroó mọ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí ilé àyẹ̀wò kọ ìmúrasílẹ̀ yìí sí ojú ìwé kan ṣoṣo, ní èdè Yorùbá àti ní èdè mìíràn tí àwọn oníbàárà wọn ń sọ. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù ní ọjọ́ tí ènìyàn bá gba àkókò, kí wọ́n sì kà á sí etí ẹni tí kò lè kà. Bí ẹnìkan bá dé láìmúra, kí wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la láìgba owó kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń wọn ọ̀rá má jẹ́ ẹni tí yóò tún máa ta oògùn ọ̀rá níbi kan náà. Kí dókítà tó kọ àyẹ̀wò náà jẹ́ ẹni tí yóò túmọ̀ èsì rẹ̀.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè. Nígbà tí wọ́n bá sọ iye owó tán lórí fóònù, kí a bi wọ́n pé, "Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó wá?" Bí ẹni tó gbé fóònù kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ìbéèrè kan yẹn ni èmi kò bèèrè, tí mo fi san owó àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì àti owó tíì tí n kò mu.

Mo pe obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé bàtà ìrìn tó dára ń lọ fún èló báyìí. Mo sọ fún un.